Ọṣẹ Tí A Fi Dẹ Àrọ̀

Òórùn ìfun adìẹ tó ti lo ọjọ́ méjì nínú ìkòkò ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí bí wọ́n bá bi mí léèrè ọdún àkọ́kọ́ tí mo lò nílé ọkọ. Mo mọ̀ pé òórùn tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ ni àwọn obìnrin mìíràn fi ń rántí tiwọn, àmọ́ kí ni n ó ṣe, tèmi nìyẹn. Ìgbà ìjọba ológun ni, nígbà tí gbogbo nǹkan wọ́n gógó, tí ìjọba ń fi rédíò bẹ̀ wá lójoojúmọ́ pé ká ṣe sùúrù. Ọmọ Ore ni mí. Ẹ̀bá títì márosẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, níbi tí ìyá mi ti ń ta oúnjẹ fún àwọn awakọ̀, tí bàbá mi sì ń ta táyà. Mo gbọ́n lójú ara mi nígbà náà. Mo lè fi ìró ẹ́ńjìnnì mọ ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Benin, ṣùgbọ́n n kò mọ ekòló yàtọ̀ sí ọmọ ejò.

Tíṣà ni ọkọ mi, ní abúlé kan lọ́nà Araromi-Obu, níbi tó tún ti jogún oko kòkó kékeré kan. Tíṣà ni gbogbo ayé ń pè é, Tíṣà náà ni èmi ìyàwó rẹ̀ ń pè é. Bàbá mi kò fi gbogbo ara fẹ́ ẹ. Lọ́jọ́ ìdána, níwájú ẹbí méjèèjì, ó ní òun fún un ní ọdún kan péré. Bí òun bá wá wo ọmọ òun tí òun bá ebi nínú ilé náà, òun àti ọmọ òun jọ ń padà sí Ore ni. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwàdà àna ni. Èmi tí mo mọ bàbá mi kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ kì í já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ lásán.

Ọdún náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, ó sì pé sí àsìkò tó burú jù. Ìjọba kò tíì san owó oṣù àwọn tíṣà fún ìgbà pípẹ́, kòkó kò sí lórí igi, adìẹ wa kan ṣoṣo sì ń sàba. Awakọ̀ kan wá jíṣẹ́ pé bàbá mi ń bọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn. Ọkọ mi gbọ́, ó ní òun yóò lọ dẹ àrọ̀ ní adágún tó wà nísàlẹ̀ oko lọ́jọ́ Sátidé. Èmi náà ní ètò tèmi. Mo ní ọṣẹ ìfọṣọ gbọọrọ kan tí mo fi pamọ́ sábẹ́ aṣọ nínú àpótí. Ẹ̀sẹ́ńkò ni, bí a ṣe ń pe ọjà tí ìjọba ń pín nígbà náà. Mo tò fún un ní Ore láti àfẹ̀mọ́júmọ́ títí oòrùn fi kàn mí lórí, tí sójà kan ń fi kòbókò na ilẹ̀ níwájú wa bí ẹni ń da màlúù. Ọṣẹ yẹn ni n ó fi fọ aṣọ ibùsùn, n ó fi fọ búláòsì mi funfun, kí bàbá mi lè rí i pé ọmọ òun mọ́ tónítóní. Ilé ni à ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Mo fẹ́ kó rí ilé náà kó dákẹ́.

Láàárọ̀ Sátidé, mo jáde sẹ́yìn ilé ìdáná, mo bá ọkọ mi lórí ìkúnlẹ̀. Ọṣẹ mi ló gbé lé pákó, ó ti fi ọ̀bẹ gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ẹni gé iṣu àsáró. Mo pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí adìẹ fi dìde lórí ẹyin.

"Tíṣà, ọṣẹ mi!"

"Ìyàwó, ṣe sùúrù," ó ní. "Ekòló, gbogbo ẹja ni í jẹ ẹ́. Àwọn kéékèèké yóò ti tán an lẹ́nu ìwọ̀ kí àgbà ẹja tó dé. Ṣùgbọ́n wọn kì í fẹnu kan ọṣẹ. Àrọ̀ ló fẹ́ràn ọ̀rá inú rẹ̀. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké."

Mo ní, "Ṣùgbọ́n àáké tèmi lẹ fi ń la àpáta!" Mo wọ yàrá lọ, mo sì pẹ́ níbẹ̀ kí inú mi tó rọ̀ díẹ̀. Nígbà tí mo jáde, ó ṣì kúnlẹ̀ síbẹ̀. Àdá ti ṣá a lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ náà, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú aṣọ tí a fi dì í, kò sì lè fi po ohun tó wà nínú ìkòkò. Èmi ni mo wá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, mo fi ọwọ́ kejì di imú. Ìfun adìẹ tí aládùúgbò fún wa ni, pẹ̀lú ekòló tí a gún, fùfú tó ti kan, àti epo díẹ̀. Ọṣẹ ni yóò wà lẹ́nu ìwọ̀, èyí ni a ó máa dà sínú omi láti fi pe ẹja wá. Ọkọ mi ń darí mi bí ẹni ń kọ́ ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní: "Pò ó sí i. Kó fà bí àkàrà." Mo sọ fún un pé bí àkàrà ìyá rẹ̀ bá rí báyìí, mo bá a kẹ́dùn. Ó rẹ́rìn-ín, èmi kò rẹ́rìn-ín. A bu ìdajì lọ, a fi ìyókù sínú ìkòkò nítorí bí Sátidé kò bá so èso.

Ọkọ̀ ojú omi tí a yá lọ́wọ́ bàbá àgbà kan kò fẹ̀ ju ìbàdí mi lọ. Èmi ni mo ń wà á, n kò sì mọ̀ ọ́n wà. Lẹ́ẹ̀mẹta ni mo wà wá padà síbi tí a ti gbéra. Ọkọ mi kò bínú. Ó so okùn gígùn kan mọ́ òpó méjì nínú omi, ó fi ìwọ̀ kọ́ ọ lára, ó sì fi ọṣẹ sí i lẹ́nu níkọ̀ọ̀kan. Mo da ìjẹ tí a pò sí omi. Lẹ́yìn náà, a jókòó. Kò sí ohun tó tún kù láti ṣe, èmi tí wọ́n sì tọ́ dàgbà nídìí ariwo kò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó. Mo ń sọ̀rọ̀ ṣáá. Ó ní kí n rọra, pé ẹja ń gbọ́. Mo bi í bóyá èdè Ìkálẹ̀ wa ni wọ́n ń gbọ́ tàbí òyìnbó.

A jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun. Nígbà tó pẹ́, tí okùn kò mì, ó sọ̀rọ̀ láìwò mí. "Ẹ̀rù bàbá rẹ ń bà mí. Bí wọ́n bá ní kí o máa bọ̀, n kò lẹ́nu láti dá wọn dúró. Ṣé wàá bá wọn lọ?"

Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, n kò gbọ́ kí ó sọ pé ẹ̀rù ohunkóhun ń ba òun. Àánú rẹ̀ ṣe mí dé egungun. Mo fi ọwọ́ bu omi sí i lára. Bóyá ó rò pé eré ni mo ń bá a ṣe.

Okùn mì nígbà náà. Ọkọ mi fà á, ó ní kí n jókòó jẹ́ẹ́, mo sì dìde. Ọkọ̀ dojú dé. Omi náà kò kọjá ìbàdí wa, ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló jìn. Àrọ̀ kan tó gùn tó apá ọkọ mi já kúrò lẹ́nu ìwọ̀ láàárín wa, ó ń yọ́ lọ sétí omi. Mo rántí pé mo fò mọ́ ọn, mo sì fi àyà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nínú ẹrẹ̀, èmi ọmọ Ore tó ń sá fún ekòló. Ó fi ẹ̀gún gún mi lápá, n kò fi í sílẹ̀. Ọkọ mi dúró, ó ń fi ẹ̀rín pa ara rẹ̀. A rí méjì mìíràn lórí okùn kí a tó kúrò.

Bí a ṣe yọ sí ilé ní ọ̀sán ni mo rí bàbá mi lórí àga níwájú ilé wa. Kò dúró de ọjọ́ Ìsinmi. Awakọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan fi píkọ́ọ̀pù gbé e wá nígbà tó ń lọ kó ẹrù ní Omifunfun. Yóò sì padà wá gbé e. Bàbá mi ti wọ ilé ìdáná lọ láti wo ohun tí à ń jẹ. Ìkòkò wa wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, ní ṣíṣí, eṣinṣin bò ó.

"Oúnjẹ tí wọ́n ń fún ọmọ mi jẹ rè é?" ó ní. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ tòun ti ẹrẹ̀ àti ẹja. Ta ni í bá àna jiyàn? Bàbá mi kọjú sí mi. "Iye mi, kó ẹrù rẹ. Ká máa lọ sí ulé."

Ulé ni ilé lédè wa, Iye sì ni ìyá, bẹ́ẹ̀ ló sì máa ń pè mí nígbà tí ọ̀rọ̀ bá wọ̀ ọ́ lára. Mo wo ọkọ mi. Kò gbójú sókè bẹ̀ mí. Ilẹ̀ ló ń wò. Mo lọ lóṣòó ti ìkòkò, mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ọrùn ọwọ́, mo sì bu ú jáde.

"Bàbá, ìjẹ ẹja ni. Èmi ni mo fọwọ́ mi pò ó. Ilé mi rè é. Ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ kí n wá wá oúnjẹ fún yín."

Bàbá mi fa ọwọ́ náà mọ́ra, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sín lẹ́ẹ̀mejì. Ó bi ọkọ mi pé kí ló fi sẹ́nu ìwọ̀. "Ọṣẹ ni, sà." Ó ní, "Ọṣẹ? Lásìkò yìí?" Ó wò ó bí ẹni wo wèrè, ó wo èmi náà tí ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ lára. "Ẹ̀yin méjèèjì dọ̀tí báyìí, ẹja lẹ fún lọ́ṣẹ." Ẹ̀rín sì bẹ̀rẹ̀ sí mi èjìká rẹ̀, kò lè dá a dúró mọ́.

Eérú ni mo fi họ ara ẹja yíyọ̀ náà. Mo fi sè ọbẹ̀ ata, mo ro pupuru, ọkọ mi sì fi orí àrọ̀ tó tóbi jù síwájú bàbá mi pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Bàbá mi jẹ ẹ́ títí dé egungun. Kò yin ọbẹ̀, kò bú ẹnikẹ́ni. Nígbà tí píkọ́ọ̀pù fọn fèrè, awakọ̀ bọ́ sílẹ̀, ó ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀. "Alàgbà, ẹrù dà?"

"Ẹrù wo?" bàbá mi dáhùn. "Mo wá kí wọn ni." Ó wọ iwájú ọkọ̀, òun nìkan.

Ó ti pẹ́ tí bàbá mi ti lọ sọ́run. Koríko ti bo adágún náà. Ọkọ mi ti di bàbá àgbà, ó sì fẹ́ràn láti máa sọ fún àwọn ọmọ wa pé ìyá wọn dúró ti òun láìṣiyèméjì lọ́jọ́ tí àna òun fẹ́ gbà á padà. Mo máa ń jókòó, n ó máa gbọ́ ọ, n kì í ta kò ó. Bẹ́ẹ̀, ká ní àárọ̀ ni bàbá mi dé, nígbà tí mo wà nínú yàrá nítorí ọṣẹ, kò ní pè mí lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti di ẹrù mi tán. Inú omi yẹn ni mo ti tú u nínú ọkàn mi, kó tó di pé a dé ilé. Ọkọ mi kò mọ̀ títí di òní. Ẹ̀yin tí ẹ ka èyí, mo bẹ̀ yín, bí ẹ bá pàdé rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó máa sọ ọ́ bó ṣe ń sọ ọ́.