Ọ̀gá Ilé-Ìwé Wa Di Ọtí

Ọ̀gá ilé-ìwé wa, tí wọn kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ ọtí sétí, ni wọ́n di ọtí lójú mi lónìí!

Tíṣà kẹ́mísìrì kọ fọ́múlà ọtí sí pátákó: C₂H₆O. "Iye orí nìkan lèyí sọ." Wọ́n wá tún un kọ, wọ́n ń fa ìlà láti lẹ́tà dé lẹ́tà. "Èyí ló sọ ẹni tó di ẹnì kejì mú. Ó yá, kí kálukú yín di lẹ́tà kan, kí ẹ di ara yín mú bẹ́ẹ̀."

Kábọ̀n ni mí, ọwọ́ mẹ́rin ló ní. Mo jókòó sílẹ̀, mo na ọwọ́, mo na ẹsẹ̀. Ẹ sọ fún ọmọ Ọ̀fà pé kó di ẹsẹ̀ èèyàn mú, kí ẹ wá wòran! Haidirójìn ti fẹ́ dá mi.

Ni ọ̀gá bá wọlé. "Òmìnira tí a gbà lọ́dún tó kọjá náà nìyí? Ìjàkadì nínú kíláàsì?"

"Rárá o, sà," ni tíṣà dáhùn. "Ọtí ni."

Tíṣà yára nawọ́ sí pátákó.

"Haidirójìn kan ló kù, sà. Ọwọ́ ọ́síjìn ṣófo."

Ọ̀gá wo pátákó títí. Wọ́n gbé pàṣán sílẹ̀, wọ́n di ọwọ́ ọ́síjìn mú gírígírí. "Ṣé ó ti pé?"

Ẹ̀rín ló tú gbogbo wa ká.

Ẹ gbà mí o: tí wọ́n bá tún wàásù lórí ọtí láàárọ̀ ọ̀la, báwo ni mo ṣe máa pa ẹ̀rín mọ́ra?