Ẹ̀rí Tí Màmá Ìbíyẹmí Jẹ́ Ṣáájú Àkókò

Ẹni tó bá ń wá Ìbíyẹmí Fámúrewá nínú ṣọ́ọ̀ṣì, kó má wulẹ̀ dé iwájú. Ìjókòó ẹ̀yìn ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, pẹ̀lú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kékeré lórí itan. Iṣẹ́ rẹ̀ ni. Eré orí ìtàgé ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní yunifásítì, àwọn ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì wa ló sì ń kọ ìwé lé lórí: bí pásítọ̀ ṣe ń di máìkì mú, bí èèyàn ṣe ń ṣubú nígbà àdúrà, bí olóṣèlú ṣe ń kúnlẹ̀ nígbà tí ìbò bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló fi lókìkí láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé. Ó ní kí olóṣèlú tó kúnlẹ̀, yóò kọ́kọ́ wo ibi tí kámẹ́rà wà. Ẹ̀yin náà ẹ lọ wò wọ́n dáadáa, irọ́ kọ́ ló pa.

Ìyá rẹ̀ ni kò fẹ́ràn iṣẹ́ yìí. Màmá Ìbíyẹmí ni olórí àwọn obìnrin aládùúrà ní ìjọ Òkè Ìyanu ní Iléṣà, ipò tó fi gbogbo ọjọ́ opó rẹ̀ sìn.

"Gbogbo ayé ń jó, ìwọ ń ka ẹsẹ̀ wọn," ló máa ń wí.

"Màmá, ẹsẹ̀ tí mo ń kà yẹn náà ló ra fìríìjì yín."

"Fìríìjì kì í gbàdúrà."

Bí wọ́n ṣe ń bá a bọ̀ nìyẹn, títí yunifásítì fi gbé orúkọ Ìbíyẹmí jáde fún ipò ọ̀jọ̀gbọ́n. Àwọn tó ń yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò kò tíì fèsì rárá tí ìyá rẹ̀ fi gba máìkì lọ́jọ́ ìsinmi, tó ní Ọlọ́run ti sọ ọmọ òun di ọ̀jọ̀gbọ́n.

Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í pe irú èyí ní irọ́. Ẹ̀rí ìgbàgbọ́ ni. Àgàn a máa sọ ọmọ lórúkọ kó tó lóyún. Àmọ́ Òkè Ìyanu ní òfin tirẹ̀: ẹni tó bá jẹ́ irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ mú ẹni tọ́rọ̀ kàn wá síwájú pẹpẹ lọ́jọ́ ìdúpẹ́. Bí onítọ̀hún bá sẹ́, tó ní kò rí bẹ́ẹ̀, àwọn alàgbà á gba ipò lọ́wọ́ ẹni tó jẹ́rìí.

Ìbíyẹmí gbọ́, ó sì wa mọ́tò wá sílé lọ́jọ́ Sátidé. Iyán ló bá lórí tábìlì.

"Màmá, bí wọ́n bá gbọ́ èyí níbi iṣẹ́, wọ́n á ní mo ń pe ara mi ní ohun tí mi ò jẹ́. Wọ́n lè torí ẹ̀ já mi sílẹ̀."

"Sọ òótọ́ nígbà náà."

"Wọ́n á sì gba ipò yín."

"Wọ́n á gbà á. Fi ọbẹ̀ sí i."

Ó jẹun, kò mọ adùn rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, olùdíje gómìnà kan wá síbi ìdúpẹ́. Pásítọ̀ ti ń pè é ní "Gómìnà wa", ẹnì kan ò sì tíì dìbò. Ọ̀gbẹ́ni náà wo apá òsì, ó rí kámẹ́rà, ó kúnlẹ̀. Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ gba Ìbíyẹmí lẹ́nu. Àfi bí wọ́n ṣe pe ìyá rẹ̀.

Ìbíyẹmí rìn láti ẹnu ọ̀nà dé iwájú, ó dúró ti ìyá rẹ̀. Pásítọ̀ na máìkì sí i. "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ bá wa sọ̀rọ̀."

Ó wo ìyá rẹ̀, ìyá náà mi orí sí i pé kó sọ ọ́.

"Mi ò tíì di ọ̀jọ̀gbọ́n," ló wí. "Wọn ò tíì dá mi lóhùn."

Àwọn alàgbà bẹ̀rẹ̀ sí í wojú ara wọn. Màmá Ìbíyẹmí rọra gba máìkì.

"Òótọ́ lọmọ mi sọ. Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú, mo mọ òfin." Ó tú báàjì olórí aládùúrà kúrò láyà, ó fi lé pásítọ̀ lọ́wọ́. "Ọjọ́ pẹ́ tí ọmọ yìí ti ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé Bàbá rẹ̀, bí ẹni tó wá gba owó iná. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bẹ̀ ẹ́, kò dé iwájú. Mo ti darúgbó. Mi ò rí ọgbọ́n míì dá. Ó ti wá dúró tì mí báyìí, ohun tí mo wá dúpẹ́ fún nìyẹn."

Ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú ìnira, nítorí orúnkún rẹ̀ ti ń dùn ún tipẹ́. Ìbíyẹmí di apá rẹ̀ mú kó má baà ṣubú, òun náà sì kúnlẹ̀ tì í. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Kò wo ibi tí kámẹ́rà wà.