Ẹ̀rín Tó Gbé Bàbá Mi Dìde

Télọ̀ ni bàbá mi, ní Asawase, ní ìlú Kumasi, lórílẹ̀-èdè Ghana. Jàlámíà ló mọ̀ ọ́n rán jù, àwọn oníbàárà rẹ̀ sì máa ń pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ju bí iṣẹ́ wọn ṣe gbà lọ, nítorí àwàdà rẹ̀. Ìlọrin ni bàbá tirẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n Kumasi ni wọ́n bí òun sí. Tó bá ń dápàárá, Yorùbá ni yóò fi bẹ̀rẹ̀, Hausa ni yóò gbà kọjá, Twi, èdè àwọn Asante, ni yóò fi parí rẹ̀.

Àwọn ọdún 1980 ń parí lọ, mo sì ti pé ọmọ ogún ọdún, nígbà tó ṣubú níbi tó ti ń ṣe àlùwàlá ìrun àsùbáà. A gbé e lọ sí ọsibítù. Nígbà tó fi máa padà wálé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti rọ, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í sì í já gaara mọ́.

Ìyá mi kìlọ̀ fún wa pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín nínú ilé, kí bàbá má baà rò pé òun là ń fi ṣe ẹlẹ́yà. À ń rìn jẹ́jẹ́, à ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Àwọn aládùúgbò wa tó jẹ́ Asante yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọn yóò máa wí pé, “Due, due,” bí ẹni ń kí olókùú. Bàbá ń gbọ́. Ó kọjú sí ògiri. Nọ́ọ̀sì ti kọ́ wa bí a ó ṣe máa na apá rẹ̀ láràárọ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá di ọwọ́ náà mú, yóò fi ọwọ́ òsì gbá tèmi dànù.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tó ń ta obì ní àdúgbò Aboabo, kò sí nílé nígbà tí èyí ṣẹlẹ̀. Ó ti lọ tọ́jú ọmọ rẹ̀ tó bímọ ní Tamale. Láti kékeré ni òun àti bàbá mi ti máa ń bú ara wọn ṣeré. Ọjọ́ tó dé, ọ̀dọ̀ wa ló kọ́kọ́ wá. Ìyá mi kúnlẹ̀ kí i, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣe sunkún lójú bàbá. Ó wọlé, ó wo àbúrò rẹ̀ títí, kò sunkún. Ó jókòó tì í lórí ẹní.

Mo gbé kókò, ìyẹn ẹ̀kọ jéró, wá, mo gbàgbé ṣíbí. Bàbá wo abọ́, ó wò mí, inú bí i. Ṣíbí ló fẹ́ béèrè. Ó tiraka, ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ sì ni:

“Ìdí mi dà?”

Mo dorí kodò.

“Ìdí rẹ kẹ̀?” ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dá a lóhùn. “Òun lo jókòó lé yẹn. Dìde, wàá rí i.”

Èjìká bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ẹ̀rù bà mí, mo rò pé àìsàn náà ló tún dé. Ohùn kan sì jáde láti ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ tó ṣì dára, ohùn híhan bíi ti ẹ̀rọ ìránṣọ tí wọn kò bu epo sí. Ẹ̀rín ló ń rín. Ìyá mi fi ọwọ́ bo ẹnu, kò lè mú un mọ́ra. Ó rẹ́rìn-ín títí gèlè fi tú lórí rẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni ẹ̀gbọ́n bàbá wá bú sẹ́kún.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá fi ọwọ́ òsì gbé ọwọ́ tó rọ náà, ó gbé e lé mi lọ́wọ́.

“Fà á,” ó ní.

Mi ò ní sọ pé ẹ̀rín ló wò ó sàn. A lo oògùn ọsibítù, a na apá, a gbàdúrà. Ṣùgbọ́n ìtìjú ni kò jẹ́ kó gba ìkankan nínú wọn tẹ́lẹ̀, ẹ̀rín ló sì lé ìtìjú náà lọ.

Kì í sì í ṣe gbogbo ẹ̀rín ló rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀pá rìn, àwọn géńdé méjì kan sín ìrìn rẹ̀ jẹ ní títì, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ó padà wọlé, kò jáde fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo bi í pé kí ló dé tí àwàdà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò fi dùn ún bẹ́ẹ̀.

“Òun jókòó tì mí kó tó dá àpárá tirẹ̀,” ló wí.

Kí ààwẹ̀ tó dé, ó ti padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ń fi ọwọ́ òsì sàmì sára aṣọ, èmi ni mò ń gé e, tí mò ń rán an. Alápatà kan ló ni jàlámíà tí mo kọ́kọ́ dá rán. Ó wọ̀ ọ́, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú. Ọwọ́ aṣọ apá ọ̀tún bo ìka rẹ̀ mọ́lẹ̀.

“Bàbá, ẹ wò ó! Ọ̀kan gùn ju ìkejì lọ!”

Bàbá mi fi ọwọ́ òsì gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè fún un. “Tèmi náà kò dọ́gba mọ́. Tìrẹ ṣì ṣeé tú. Jókòó.”

Ọkùnrin náà wò mí, ó rí i pé mò ń rẹ́rìn-ín, òun náà bá rẹ́rìn-ín, ó sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Mo mú abẹ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọwọ́ aṣọ náà.