Ìgbẹ́ Dúdú Tí Bàbá Mi Fi Pamọ́

Lásìkò tí ìjọba ti bọ́dà pa, iṣẹ́ tíṣà ni mò ń ṣe ní Ìlaròó. Bàbá mi wà ní Ifọ́nyìntẹ̀dó, níbi tó ti ń dáko ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo láti ìgbà èwe rẹ̀. Bọ́dà fúnra rẹ̀ kọ́ ló kọ́kọ́ ni bàbá lára, epo ọkọ̀ ni. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má gbé epo wá sí àwọn ìlú tó sún mọ́ ẹnu ibodè mọ́. Ilé epo ti ilẹ̀kùn, àwọn ọlọ́kadà tó máa ń gbé bàbá lọ sóko sì gbé ọ̀kadà wọn sílé. Bàbá tó ti lé ní àádọ́rin ọdún wá ń fẹsẹ̀ rìn lọ, ó ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀, bẹ́ẹ̀ orúnkún ti ń dùn ún tipẹ́.

Lọ́jọ́ kan, màmá pè mí lórí fóònù. "Wá wo bàbá rẹ," ni wọ́n wí. "Ó ń rù, kò sì fẹ́ sọ ohun tó ń ṣe é."

Mo dé ọ̀hún ní Sátidé. Bàbá jókòó síwájú ilé, ètè wọn funfun, àtẹ́lẹwọ́ wọn sì rí bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ gbo eérú. Wọ́n ní ó rẹ àwọn lásán ni. Màmá fà mí lọ sẹ́yìn ilé.

"Mo rí ìgbẹ́ rẹ̀," ni wọ́n sọ sí mi létí. "Ó dúdú bí ọ̀dà tí wọ́n ń dà sí títì. Ó ti pẹ́ tó ti ń yọ́ bu yẹ̀pẹ̀ bò ó."

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti ẹ̀gbọ́n bàbá ṣe bẹ̀rẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Wọ́n gbé e wọ yàrá lọ́jọ́ kan, kò sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde mọ́.

Mo padà lọ bá bàbá. "Ẹ jẹ́ ká lọ sọ́sibítù."

"Tí mo bá débẹ̀, wọ́n á sọ orúkọ rẹ̀ fún mi," ni wọ́n dáhùn. "Mi ò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀."

Wọ́n dìde láti wọlé kí n má baà rí èsì fọ̀. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ṣubú sí.

Pásítọ̀ tí ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kò jìnnà sílé wa ló gbà wá. Ó fa epo tó kù nínú jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì sínú mọ́tò rẹ̀, a sì tẹ́ bàbá sí ìjókòó ẹ̀yìn, orí wọn lórí itan mi, màmá sì jókòó síwájú. Ká tó dé Òkè-Ọ̀dàn, àwọn sójà àti kọ́sítọ́ọ̀mù ti dá wa dúró lọ́pọ̀ ìgbà. Wọ́n ń ṣí búùtù, wọ́n ń wá ìrẹsì. Níbì kan, sójà kan ní kí gbogbo wa bọ́ọ́lẹ̀. Nígbà tó tanná sí ojú bàbá, ó fọwọ́ júwe ọ̀nà fún wa. Pásítọ̀ ń wo ọwọ́ epo tó ń lọ sílẹ̀, èmi ń wo àyà bàbá bóyá ó ṣì ń gbéra.

Ní ọsibítù tá a gbé bàbá lọ ní Abẹ́òkúta, wọ́n kọ́kọ́ fa ẹ̀jẹ̀ sí bàbá lára. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nọ́ọ̀sì ní wọn ò gbọdọ̀ fi nǹkan kan kan ẹnu, omi pàápàá. Dókítà, obìnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, wá jókòó tì wọ́n.

"Ṣé ẹ fẹ́ la ikùn mi ni?" ni bàbá bi í.

"Rárá, Bàbá. Ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà wọlé la máa fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gbà. Iná àti kámẹ́rà wà lẹ́nu rẹ̀. Ṣé ẹ ń lo oògùn kankan?"

"Mi ò lo nǹkan kan."

Wọ́n fọ́n oògùn sí bàbá lọ́fun kí ibẹ̀ lè kú, wọ́n fi ohun roboto kan sáàárín eyín wọn, wọ́n sì ní kí bàbá fẹ̀gbẹ́ òsì lélẹ̀. Dókítà gbà kí n di ọwọ́ wọn mú. Bí rọ́bà náà ṣe ń wọlé, bàbá ń gbọ̀n, èébì ń gbé wọn, wọ́n sì fún ìka mi bí ẹni pé inú kànga ni wọ́n há sí. Mo gbójú sí tẹlifíṣọ̀n kékeré tó wà lókè. Gbogbo rẹ̀ pupa, ó ń dán. Lẹ́yìn náà ni mo rí ẹ̀jẹ̀ dídì, àti ihò kan tí ìdí rẹ̀ funfun, tí ẹ̀jẹ̀ ń sun níbẹ̀.

Dókítà gba inú rọ́bà ti abẹ́rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ihò náà, ó fi irin tíńtín kan fún ojú ẹ̀jẹ̀ pa, ó sì já ẹran bíńtín níbẹ̀ fún àyẹ̀wò.

Nígbà tí ọ̀fun bàbá jí, dókítà padà wá. "Ọgbẹ́ ló wà nínú yín. Ó jọ èyí tí oògùn ìrora máa ń dá síni lára. Bàbá, ṣé lóòótọ́ lẹ ò lo nǹkan kan?"

Bàbá ní kí n mú ṣòkòtò wọn wá. Wọ́n yọ páálí oògùn kan tó ti rún jáde nínú àpò rẹ̀, èdè Faransé ni wọ́n kọ sára rẹ̀. "Ti orúnkún nìyí," ni wọ́n wí. "Kì í ṣe ti inú. Láti òdìkejì ni mo ti rà á kí wọ́n tó ti bọ́dà."

"Mélòó lẹ ń lò lójúmọ́?"

"Nígbà tí ọ̀kadà ṣì wà, ẹyọ kan. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, bí orúnkún bá ṣe pè mí ni mo ṣe ń dá a lóhùn. Nígbà míì, mi ò tíì jẹun."

Dókítà gba páálí náà. "Ẹ má fẹnu kàn án mọ́. Ká dúró de èsì àyẹ̀wò ẹran yẹn, ká lè mọ̀ pé kì í ṣe jẹjẹrẹ."

Bàbá kọjú sí ògiri.

Ọ̀dọ̀ mi ní Ìlaròó ni wọ́n ti dúró de èsì náà. Màmá ń se ògì fún wọn, kò sẹ́ni tó ń dárúkọ àìsàn kankan nínú ilé. Kíláàsì ni mo wà nígbà tí ọsibítù pè. Mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sì fẹ̀yìn ti ògiri kí n tó gbé e. Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Kòkòrò kan ni wọ́n rí nínú ẹran náà, òun àti oògùn orúnkún ló jọ dá ọgbẹ́ náà sílẹ̀. Oògùn kòkòrò wà, ọgbẹ́ náà sì máa jinná.

Mo rò pé bàbá máa dúpẹ́ nígbà tí mo délé sọ fún wọn. Ńṣe ni wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, tí wọ́n ń sunkún láìpariwo. N kò rí wọn sunkún rí.

Ọgbẹ́ náà jinná. Àbúrò mi ló ń mójú tó oko báyìí, bàbá àti màmá sì wà lọ́dọ̀ mi. Ṣùgbọ́n fún ìgbà pípẹ́, ní àràárọ̀ tí bàbá bá ti wọ ilé ìyàgbẹ́, màmá á dúró lẹ́nu ọ̀nà, èmi náà á dúró pẹ̀lú ike omi lọ́wọ́, títí wọ́n á fi wúkọ́ nínú ibẹ̀, tí wọ́n á ní, "Kò sí wàhálà. Ẹ máa lọ síbi iṣẹ́ yín."