Ọjọ́ Tí Ẹni Tí Mo Dì Sínú Mú Abẹ́rẹ́ Wọlé

Bí mo bá di arúgbó tí mo gbàgbé orúkọ ara mi, n kò ní gbàgbé ọjọ́ tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi ní Jonesboro, ìlú òyìnbó tí mò ń gbé.

Mo dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, aṣọ tí wọ́n wọ̀ fún mi ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn, n kò lè sá. Nọ́ọ̀sì tó máa fún mi lábẹ́rẹ́ oorun wọlé. Túndé ni! Túndé tó dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn tó ní mo ṣi Bíbélì kà, tí gbogbo ìjọ fi mí rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà, n kì í dáhùn ìkíni rẹ̀.

Ó gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Uncle, ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí. Tí ẹ ò bá fẹ́ mi, màá pe ẹlòmíì."

Mo wo abẹ́rẹ́ yẹn, ó gùn. "Mo ti dárí jì ẹ́, jàre! Dìde, kọ́wọ́ ẹ má baà gbọ̀n!"

"Uncle, ẹ̀yin lẹ̀ ń gbọ̀n o."

Nígbà tí mo jí, n kò lè gbé orí. Túndé gbé e fún mi, ó ń fún mi lómi díẹ̀díẹ̀ bí ọmọ jòjòló. Ojú tì mí, omijé bọ́.

"Túndé, mo dárí jì ẹ́. Ìwọ náà, foríjì mí."

"Ẹ ti sọ ọ́ láàárọ̀, sà."

"Abẹ́rẹ́ ló sọ tàárọ̀. Èyí, èmi ni mo sọ ọ́."