Ọdún Méje Tí Wọ́n Gé Kúrò Lára Oyèbánjí

Oyèbánjí ṣe àṣìṣe kan lójú àwọn ọmọ ní ọjọ́ Sátidé kan. Ó ní ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gba ipò kìíní nínú eré ọgọ́rùn-ún mítà ti àwọn ọkùnrin, nígbà tí wọ́n ṣe ìdíje Òlíńpíìkì ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1908. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ South Africa ni. Mo sì tún ọ̀rọ̀ náà ṣe lójú ẹsẹ̀, nítorí mi ò fẹ́ kí àwọn ọmọ gbé irọ́ délé.

Oyèbánjí ló ń tọ́jú gbọ̀ngàn tí a ń lò fún ilé ẹ̀kọ́ Yorùbá ti ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn ọjà East Street ní Barking, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí. Òun ló ń ṣílẹ̀kùn fún wa, òun ló ń to àga, òun náà ló ń nu ilẹ̀ nígbà tí a bá lọ tán. Ó wá wo ẹ̀rọ amúlégbóná lọ́jọ́ yẹn ni, ó gbọ́ ohun tí à ń sọ, ó sì dá sí i. Kò bínú nígbà tí mo tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe. Ó kàn béèrè pé, "Ọmọ ọdún mélòó lẹni náà, Tíṣà?"

"Mọ́kàndínlógún."

"Mọ́kàndínlógún tòótọ́?"

Mo ní ṣé ọjọ́ orí mìíràn wà tí kì í ṣe tòótọ́ ni. Ó gbé àga méjì, ó bá tirẹ̀ lọ.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń lọ sí ilé ìkàwé. Kò pẹ́ tó fi mọ̀ nípa eré yẹn ju èmi tí mo tọ́ ọ sọ́nà lọ. Ó mọ̀ pé àwọn eléré ìgbà náà ń fi ṣọ́bìrì kékeré gbẹ́ ihò sílẹ̀ láti ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ kí wọ́n tó gbéra, nítorí pé irin ìgbéra tí à ń lò lónìí kò tíì sí. Ó mọ̀ pé ìsọ̀rí mẹ́tàdínlógún ni wọ́n pín àwọn sárésáré sí, àti pé ẹnì kan péré ló ń jáde nínú ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ṣe ìkejì, ì báà jẹ́ pé ìka ọwọ́ kan ni wọ́n fi jù ú lọ, ilé ló ń lọ. Ìgbà tó bá dé ibi yìí nínú ìtàn náà, ohùn rẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀.

Àwọn tó mọ̀ ọ́n ní Becontree, níbi tí òun àti Wúrà ìyàwó rẹ̀ ti háyà ilé, máa ń sọ pé agbéraga ni, pé kì í kí èèyàn. Èyí náà kò tọ́. Ó fẹ́ kí wọn. Bí yóò ṣe kí wọn ni kò mọ̀. Nínú ìjọ Aládùúrà tó ń lọ, ọjọ́ orí ni wọ́n fi ń to ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin: àgbà níwájú, àbúrò lẹ́yìn, àbúrò ló sì ń jíṣẹ́. Ìwé Oyèbánjí sọ pé ọdún 1964 ni wọ́n bí i. Nítorí náà, ní ọdún tó kọjá, tí ìwé náà ní ó pé ọgọ́ta ọdún, Godswill tó jẹ́ ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ṣì ń rán an níṣẹ́.

"Oyè! Bá mi gbé àga yẹn wá síbí. Yára o, ìwọ tó ní sárésáré lòun."

"Mò ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n."

Ọdún 1957 ni wọ́n bí Oyèbánjí. Ọdún mẹ́rin ni ó fi ju Godswill lọ.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́ nìyí. Oko bàbá rẹ̀ ní Èkìtì ló wà títí tó fi di géńdé, kó tó wọ ilé ìwé sẹ́kọ́ńdìrì. Ní ọdún 1979, ọmọ ọdún méjìlélógún ni, ṣùgbọ́n ó kéré lára, kò sì ní irùngbọ̀n kankan. Ó sì lè sáré. Kóòṣì ilé ìwé wọn, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Lazarus, ń wá ẹni tí yóò sáré ọgọ́rùn-ún mítà nínú ìdíje àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rìndínlógún. Lazarus mú un lọ sí kọ́ọ̀tù, wọ́n búra fún akọ̀wé pé ọdún 1964 ni wọ́n bí i, wọ́n gba ìwé, wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i. Kò gbà wọ́n tó ìdajì wákàtí.

Ẹ má ṣe rò pé Oyèbánjí nìkan ló ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló gé ọjọ́ orí nígbà náà, fún bọ́ọ̀lù, fún iṣẹ́ ìjọba, fún ilé ìwé. Ṣùgbọ́n pípọ̀ tí wọ́n pọ̀ kò sọ ọ́ di ohun tó dára.

Nínú ìdíje yẹn, bí wọ́n ti ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1908 náà ni wọ́n ṣe, ẹnì kan péré láti inú ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan. Oyèbánjí ló gba ipò kìíní nínú ìsọ̀rí tirẹ̀. Ọmọ kan tó ń jẹ́ Èyítáyọ̀ ló ṣe ìkejì. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gidi ni Èyítáyọ̀, ẹsẹ̀ bàtà kan péré ló sì wà láàárín wọn. Oyèbánjí lọ ṣojú ìpínlẹ̀, ó ṣe ìkẹfà, kò sì sáré mọ́. Èyítáyọ̀ lọ sílé. Òun náà kò sáré mọ́.

Ìwé tí Lazarus gbà yẹn kò kúrò lára Oyèbánjí. Òun ló fi gba ìwé ìrìnnà, òun ló fi wọ Lọ́ńdọ̀nù ní 1989, òun ló fi ṣègbéyàwó, òun ló fi gba iṣẹ́. Ó máa ń rò pé lọ́jọ́ kan òun yóò tún un ṣe. Wúrà nìkan ló mọ̀. Moṣọpẹ́, ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo, kò mọ̀. Ohun tí Moṣọpẹ́ mọ̀ ni pé bàbá òun ló yára jù láàárín àwọn ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní gbogbo agbègbè wọn. Ìgbà tó wà ní kékeré, ó kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ilé ìwé rẹ̀, tíṣà rẹ̀ sì fún un ní àmì ìràwọ̀.

Orúnkún rẹ̀ ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí dùn ún. Tó bá nu ilẹ̀ gbọ̀ngàn dé ìdajì, yóò jókòó. Dókítà wo àwòrán egungun náà, ó ní èyí kì í ṣe orúnkún ẹni ọgọ́ta ọdún. Oyèbánjí rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Wúrà tó bá a lọ kò rẹ́rìn-ín. Tí ìwé rẹ̀ bá sọ òótọ́ ni, ó ti yẹ kó fẹ̀yìn tì láti ọdún 2023. Pẹ̀lú ohun tó wà nínú ìwé, ó di ọdún 2031. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni yóò jẹ́ nígbà náà, pẹ̀lú mọ́ọ̀pù lọ́wọ́.

"Ṣé o fẹ́ kú sí ìdí garawa ni?" Wúrà bi í léèrè. "Lọ sọ òótọ́."

Ó lọ bá agbẹjọ́rò kan. Agbẹjọ́rò náà ní òun kò ṣèlérí, ṣùgbọ́n ibi tí àwọn lè ti bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹnì kan tí kì í ṣe ẹbí, tó mọ̀ ọ́n nígbà tó wà nílé ìwé, kọ̀wé kó sì búra sí i pé ó ti di géńdé ní 1979. Láìsí ìwé bẹ́ẹ̀, kí ó má wulẹ̀ padà wá. Lazarus ti kú. Ikán ti jẹ ìwé ìrìbọmi ṣọ́ọ̀ṣì abúlé wọn. Ẹnì kan ló kù, ẹni náà sì ń gbé ní Rippleside, kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí gbọ̀ngàn.

Èyítáyọ̀ ni ẹni náà. Inú ìjọ kan náà ni òun àti Oyèbánjí wà, ó ti lé ní ogún ọdún. Èyítáyọ̀ ń wa bọ́ọ̀sì. Bí ó bá ti rí Oyèbánjí láàárín èèyàn, á na ọwọ́ sí i, á ní, "Ẹ wo ọkùnrin yìí o! Òun nìkan ló sáré jù mí lọ láyé mi. Ẹgbẹ́ mi ni!" Tìdùnnú-tìdùnnú ló fi máa ń sọ ọ́. Ẹnu àwọn méjèèjì ni mo ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín wọn, ọ̀rọ̀ wọn kò sì ta kora.

Èyítáyọ̀ ń kun géètì ilé rẹ̀ ní ọ̀dà lọ́sàn-án ọjọ́ tí Oyèbánjí lọ. Oyèbánjí kò jókòó. Ó sọ gbogbo rẹ̀ lórí ìdúró, láti kọ́ọ̀tù títí dé ọ̀dọ̀ agbẹjọ́rò. Nígbà tó parí, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀.

"Dìde níbẹ̀," ni Èyítáyọ̀ wí. "Tó bá jẹ́ òótọ́ lo sọ, o ò gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀ fún mi. Tó bá jẹ́ irọ́, mi ò fẹ́ ìdọ̀bálẹ̀ rẹ."

"Òótọ́ ni."

"Ọmọ ọdún mélòó lo jẹ́ lọ́jọ́ yẹn?"

"Méjìlélógún."

Èyítáyọ̀ gbé búrọ́ọ̀ṣì sórí agolo ọ̀dà. "Bàbá mi ta ewúrẹ́ kí n lè lọ sí ìdíje yẹn. Nígbà tí mo délé, ó ní kí n padà sóko, pé ẹsẹ̀ mi kò yá tó. Mo gbà á gbọ́. Ọdún márùndínláàádọ́ta ni mo ti gbà pé ẹsẹ̀ mi kò yá tó. Mo tún ń fi ẹ́ yangàn! Mò ń pè ẹ́ lẹ́gbẹ́ mi níwájú ìyàwó mi!"

"Jọ̀ọ́, Táyọ̀."

"Ṣé kí n wá máa pè yín lẹ́gbọ̀n-ọ́n báyìí? Ẹ̀gbọ́n tó ń bá ọmọdé sáré ìje? Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ kú eré."

Èyítáyọ̀ tún mú búrọ́ọ̀ṣì, ó kun irin géètì kan. Lẹ́yìn náà ó ní òun yóò kọ ìwé náà, yóò sì búra sí i. Ohun kan ṣoṣo ló fẹ́. Ó ti gbọ́ pé Oyèbánjí ni a ní kó wá sọ ìtàn eré 1908 fún àwọn ọmọ ní òpin sáà, ní oṣù Keje. Òun náà yóò wà níbẹ̀.

"Tó o bá sọ ti South Africa tán, sọ tèmi. Sọ ọjọ́ orí rẹ. Sọ pé Èyítáyọ̀ ló yẹ kó gba ipò kìíní. Má bẹ̀ mí níkọ̀kọ̀. Ìta gbangba lo ti gbà á lọ́wọ́ mi. Ìwé náà máa wà nínú àpò mi."

Oyèbánjí gbà.

Ó sọ ìtàn náà dáadáa, mi ò lè purọ́ mọ́ ọn. Àwọn ọmọ bí ọgbọ̀n ló jókòó, àwọn òbí wà lẹ́yìn, Godswill wá, Wúrà wá. Moṣọpẹ́ ti Dagenham wá pẹ̀lú, ó gbé fóònù sókè, ó ń ká bàbá rẹ̀ sílẹ̀. Oyèbánjí fi hàn wọ́n bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ihò, ó lóṣòó pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún, ó sì ní kí ọmọ kan pàtẹ́wọ́ dípò ìbọn. Wọn kò mira nígbà tó ń sọ ti ọ̀dọ́mọkùnrin tó gba ipò kìíní, pé kò lò tó ìṣẹ́jú-àáyá mọ́kànlá. Èyítáyọ̀ jókòó sítòsí ilẹ̀kùn. Ó wọ kóòtù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ooru mú. Etí àpò-ìwé funfun kan yọ láti inú àpò kóòtù náà.

Lẹ́yìn náà Oyèbánjí nu ojú rẹ̀. Ó ní, "Èmi náà sáré nígbà kan."

"Ọmọ ọdún mélòó ni yín nígbà náà, sà?" ni ọmọbìnrin kan bi í.

Ó wo Èyítáyọ̀. Ó ya ẹnu. Mo rí i pé ó ya ẹnu.

"Sọ fún wọn, Daddy!" ni Moṣọpẹ́ kígbe láti ẹ̀yìn fóònù rẹ̀, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. "Fifteen! Fifteen ni Daddy mi, òun ló sì na gbogbo wọn!"

Oyèbánjí wo fóònù yẹn.

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún," ló wí.

Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́. Godswill na ìka sókè, ó ní, "Oyè baba!" Wúrà nìkan ni kò gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí itan. Èyítáyọ̀ dìde, ó ti àpò-ìwé náà bọ inú àpò rẹ̀ pátápátá. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà, ó sì sọ ọ́ ketekete kí gbogbo èèyàn lè gbọ́.

"O ṣé o, ẹgbẹ́ mi."

Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé àwàdà àtijọ́ wọn ni.

Oyèbánjí lọ sí Rippleside lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́yìn ìyẹn. Géètì tí wọ́n kùn yẹn ló bá, kò bá ẹni tí yóò ṣí i fún un. Èyítáyọ̀ ti lọ sí ìjọ mìíràn. Mo bi Oyèbánjí nígbà kan pé kí ló dé tí kò lè sọ nọ́ńbà kan péré. Ó ní òun ti múra láti di òpùrọ́ lójú gbogbo ìjọ, ṣùgbọ́n òun kò múra láti di òpùrọ́ lójú Moṣọpẹ́. Mo sọ fún un pé kò tíì ronú ọ̀rọ̀ náà dópin: òpùrọ́ ṣì ni lójú Moṣọpẹ́, ohun tó kù ni kí ó mọ̀. Bóyá kò yẹ kí n sọ ọ́. Òótọ́ ni ṣá. Wúrà kò sọ púpọ̀ ní tirẹ̀. Ó ní, "Ọdún méje lo fi ra àtẹ́wọ́," kò sì dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́.

Ní oṣù Kọkànlá, àwọn tó ni gbọ̀ngàn ní iṣẹ́ náà ti ń falẹ̀ jù, wọ́n gba ẹlòmíràn tó kéré sí i lọ́jọ́ orí.

Ìgbà tí mo gbọ́ nípa rẹ̀ kẹ́yìn, ní oṣù Kẹta ọdún 2025, òun àti Wúrà ṣì wà nínú ilé tí wọ́n háyà ní Becontree. Oyèbánjí ń nu ilẹ̀ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Dagenham, láti aago mẹ́fà àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀.