Ẹrù Tí Màámi Tú

Ẹnu màámi, Dọ́káàsì, ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó wà láàárín ìtàn yìí, nítorí orí ìkúnlẹ̀ àdúrà wọn ló ti ṣẹlẹ̀. Ìyókù, ojú mi ló ṣe.

Àbíjàn ni a wà, ní Kódífuà, níbi tí ọ̀pọ̀ ará Ògbómọ̀ṣọ́ ti ń ṣòwò. Abọ́ ni èmi àti màámi ń tà. Àwọn olóṣèlú méjì ń fa ipò mọ́ ara wọn lọ́wọ́ lẹ́yìn ìbò, àwa sì rò pé kò ní kọjá ọ̀rọ̀ ẹnu. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ń to abọ́ síta nígbà tí ìbọn dún nísàlẹ̀ àdúgbò. Obìnrin tó ń ná abọ́ lọ́wọ́ mi jù ú sílẹ̀, ó sáré. Abọ́ náà yí lọ sínú gọ́tà. N kò lọ mú un.

Lọ́jọ́ kẹta, awakọ̀ kan, ọmọ ilẹ̀ wa, ń kó èèyàn lọ sí ẹnubodè Gánà. Mo ti di ẹrù wa kí màámi tó jí. Mo gbé e lérí, mo ní kí wọ́n gbàdúrà kíá ká máa lọ.

Wọ́n wò mí. "Sọ ẹrù yẹn kalẹ̀."

"Màámi, mọ́tò ń dúró."

"Sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí o tú u. O ti gbéra tán, kí lo tún fẹ́ kí Olúwa wí?"

Bí wọ́n ṣe tọ́ màámi nílé bàbá wọn nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kì í di ẹrù níbẹ̀ kó tó béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ Ọlọ́run. Bó bá ti dì í, yóò tú u, yóò sì kúnlẹ̀ bí ẹni tí kò tíì pinnu nǹkan kan. Inú bí mi, n kò tú u. Màámi ló fi eyín tú okùn náà, nítorí mo ti so ó le. Wọ́n kúnlẹ̀.

Ó pẹ́ kí wọ́n tó sọ ohun tí wọ́n gbọ́ fún mi. Wọ́n ní àwọn bi Olúwa bóyá ká lọ, àwọn sì dákẹ́. Kò sí ohùn láti òkè. Ikọ́ ni wọ́n gbọ́, nínú yàrá tó kángun sí tiwa.

Ìyá Ọ̀yọ́ ló ń húkọ́, arúgbó kan láti ìlú Ọ̀yọ́ tí ẹsẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n lè rìn. A ti rò pé ìbátan wọn ti wá gbé wọn lọ. Ìbátan náà ti sá.

Awakọ̀ ní àyè ẹni méjì péré ló kù. Màámi ní kí n máa lọ, àwọn yóò dúró ti ìyá. Mo di ẹrù tèmi padà, mo lọ. Ẹsẹ̀ mi kan ti wà nínú mọ́tò. Ibẹ̀ ni mo ti béèrè lọ́wọ́ Ọlọ́run, fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, láìjẹ́ pé mo ti mú èsì dání. N kò gbọ́ nǹkan kan. Màámi tó ń fi eyín tú okùn nìkan ni mo ń rí.

Mo sọ̀ kalẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án la fi wà nínú yàrá Ìyá Ọ̀yọ́, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ la ń sùn. Bí ìbọn ńlá bá dún, eruku á já láti àjà sínú omi mímu wa. Gàrí la ń rẹ, ife kan fún ẹni mẹ́ta. Ìyá Ọ̀yọ́ ni màámi ń kọ́kọ́ fún.

"Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́," ni ìyá wí lọ́jọ́ kan, "kò sí láfún, ẹ ò sì tíì kú. Ẹnu yà mí o."

"Ẹ jẹun, Ìyá. Ẹnu ará Ọ̀yọ́, ìbọn gan-an ò lè pa á mọ́."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ìbọn tún dún, Ìyá Ọ̀yọ́ di ọwọ́ mi mú. Ọwọ́ wọn gbẹ, ó sì gbóná.

Lọ́jọ́ kẹwàá, a jí, kò sí ìró ìbọn. A dùbúlẹ̀, à ń retí rẹ̀. Nígbà tó yá, mo gbọ́ tí ẹnìkan ń gbálẹ̀ níta. Màámi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Mọ́tò tí a kò wọ̀ yẹn gúnlẹ̀ láyọ̀. Gbogbo àwọn tó wà nínú rẹ̀ délé ṣáájú wa. N kò lè sọ pé Ọlọ́run fi ikọ́ yẹn yọ wá nínú ewu, nítorí inú ewu ló ní ká dúró. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tí ọ̀nà là, a gbé ìyá délé ní Ọ̀yọ́. Ọmọ wọn obìnrin ń fọṣọ lójúde. Bó ṣe rí wọn, ó jókòó sínú omi ọṣẹ. Ọdún mẹ́rin ni ìyá tún lò láàárín àwọn ọmọ-ọmọ wọn.

Màámi ti sùn nínú Olúwa báyìí. Okùn náà wà ní ṣọ́ọ̀bù mi l'Ọ́jà Igbó, nílé ní Ògbómọ̀ṣọ́, ojú eyín wọn ṣì wà lára rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbé ní àdúgbò Under G máa ń wá pé kí n bá àwọn gbàdúrà ìrìn àjò. Wọ́n á ti gba físà, wọ́n á ti ta bẹ́ẹ̀dì. Mo máa ń na okùn náà sí wọn kí wọ́n dì í mú díẹ̀.

Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi yìí, tí o ní o fẹ́ béèrè lọ́wọ́ Ọlọ́run, ṣé o ti sọ ẹrù rẹ kalẹ̀?